Ìdámẹ́rin Ínṣì: Ọ̀rọ̀ Nípa Pípín Búlọ́ọ̀kù Nínú Ẹgbẹ́ Aránṣọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn aránṣọ sọ níbi ìpàdé wa ní Ìkòròdú nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráàyè wá, mo sì fi ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí sínú rẹ̀ níbi tó yẹ.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò tó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ kú ìjókòó o. Sátidé ni oníbàárà máa ń wá gba aṣọ òde. Ẹni tó bá ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Sátidé nítorí kó lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀, kò yẹ kí a fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n wọ inú rẹ̀ lọ.

Ẹ ní kí n wá sọ bí àwa tó ń rán kúílìtì ṣe ń pín búlọ́ọ̀kù fún ara wa, àti oríṣìíríṣìí nǹkan tí ẹgbẹ́ lè jọ máa ṣe. N óò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kó wọ̀ yín létí ju ìyókù lọ: ìwọ̀n ló gbé pípín yìí dúró. Inú rere wà níbẹ̀, ẹ̀rín wà níbẹ̀, jíjẹ mímu pàápàá máa ń wà níbẹ̀. Tí kò bá ti sí ìwọ̀n, gbogbo rẹ̀ á di ìjà. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó tú ká nítorí ínṣì.

Fún ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kúílìtì ni aṣọ ìbora onípele mẹ́ta. Òkè rẹ̀ ni àgékù aṣọ tí a rán pọ̀ tó fi di àrà. Àárín ni ohun tó máa jẹ́ kó nípọn. Ìsàlẹ̀ ni aṣọ ẹ̀yìn, odindi ni ó sábà máa ń jẹ́. A ó wá fi abẹ́rẹ́ àti òwú gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ọ̀kan má baà ṣí kúrò lára èkejì. Gígún yẹn ló sọ ọ́ di kúílìtì. Tí kò bá sí i, aṣọ alábùlẹ̀ lásán ni. Búlọ́ọ̀kù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn igun mẹ́rin ọgbọọgba tí a tò pọ̀ sí òkè náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ ínṣì 12 ní ìbú, ínṣì 12 ní òró, nígbà tó bá ti wà nínú aṣọ. Kí a tó rán an mọ́ èkejì, ínṣì 12½ ni, torí ìdámẹ́rin ínṣì máa wọ inú ojú ìránpọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìyá kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé nínú ooru wa yìí, ta ni yóò fi nǹkan onípele mẹ́ta bora. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Àárín kúílìtì kò pọn dandan kó jẹ́ òwú tó nípọn bíi ti àwọn tó ń gbé nínú yìnyín. Ní ilẹ̀ Bengal, àwọn obìnrin máa ń to sárì àtijọ́ lé ara wọn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán an já láti etí dé etí, wọn kì í ki òwú kankan sí i láàárín. Kantha ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Siddi, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti wà ní Íńdíà láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, máa ń rán tiwọn láti etí wọlé sí àárín, pẹ̀lú àwọn aṣọ tó ti gbó. Ìró àtijọ́ tó ti rọ̀ ni àwa ń lò, tàbí bẹ́díṣíìtì òyìnbó tó ti pẹ́. Ó fẹ́lẹ́, ó sì tó fún ọyẹ́ àti fún ilé tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ amúlétutù.

Ó yá, pípín.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Àwọn bàbá wa tó ń dáko ní ìhà Ìmọ̀ta àti Ìjẹ̀dè mọ ohun tó ń jẹ́ àáró. Àwọn àgbẹ̀ mélòó kan á kó ara wọn jọ, wọ́n á ṣiṣẹ́ lóko Lágbájá lónìí, lóko Tàmẹ̀dù lọ́la, lóko Lákáṣègbè lọ́tùnla, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Kò sí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wà níbẹ̀: bí o bá ṣe ṣiṣẹ́ tó lóko mi ni èmi náà yóò ṣe ṣe lóko tìrẹ, ẹni tí wọ́n bá sì ti ro oko tirẹ̀ tán tó wá jókòó sílé, onígbèsè ni. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, àwọn èèyàn á wá ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó tán. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn torí ẹgbẹ́ aránṣọ nílò méjèèjì, ìgbà tí wọ́n bá sì dà á pọ̀ mọ́ra wọn ni inú máa ń bí èèyàn.

Bí àáró abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ nìyí. Ká ní a jẹ́ èèyàn 12. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yan àrà kan, kó rán búlọ́ọ̀kù 12 ní àrà kan náà. Lọ́jọ́ ìpàdé, gbogbo rẹ̀ á lọ sí ọwọ́ ẹnì kan, òun ni yóò pín in. Ẹni tó kó 12 tó jọra wá yóò kó 12 tí kò jọra lọ sílé, ọ̀kan láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá to 12 yẹn ní mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, ínṣì 36 sí 48 ni yóò fún yín. Ó tó ọmọdé bo. Ọ̀nà kejì ni ti oṣooṣù: ẹni tó kàn á pín aṣọ àti àpẹẹrẹ àrà tó wù ú fún gbogbo wa, kálukú á rán an, á dá a padà fún un lóṣù tó tẹ̀ lé e. Tí kálukú bá rán méjì fún un, búlọ́ọ̀kù 24 ló ní, mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà, ínṣì 48 sí 72. Àgbàlagbà lè fi ìyẹn bo ẹsẹ̀ dé àyà. Tó bá ti yí gbogbo wa ká, gbogbo èèyàn 12 á ti ní òkè kúílìtì kọ̀ọ̀kan nílé.

Ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ó máa ń jẹ́ kí o fi ojú ẹlòmíràn wo iṣẹ́: o lè má fẹ́ràn àwọ̀ ewé àti ọsàn pọ̀, ṣùgbọ́n oṣù yìí, ohun tó wu ẹni tó kàn ni o máa rán, ọwọ́ rẹ á sì kọ́ ohun tí kò bá ti dá kọ́ láé.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí mi dáadáa, torí aránṣọ tó mọṣẹ́ ló máa ń ṣì í jù. Tí a bá ń rán búbà tàbí kaba fún oníbàárà, a máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú ojú ìránpọ̀, ínṣì kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ̀ pé ọdún tó ń bọ̀ ó lè sanra, á sì gbé aṣọ náà padà wá pé ká bá òun tú u. Ọgbọ́n iṣẹ́ wa nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù kò fẹ́ ọgbọ́n yẹn. Ìdámẹ́rin ínṣì ló fẹ́, kò sì fẹ́ kó dín, kò fẹ́ kó lé. Mo mọ̀ pé ó ń ba ọ̀pọ̀ yín lẹ́rù, ẹ rò pé yóò ya. Tí òwú bá dára, tí ẹ rán an ní ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké, tí a sì gún un mọ́ ìpele ìsàlẹ̀, kò ní ya.

Ẹ mú àrà alábala mẹ́sàn-án, èyí tí ó rọrùn jù. Ẹ gé igun mẹ́rin mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan ínṣì 4½. Ẹ tò wọ́n ní mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Tí ẹ bá fi ìdámẹ́rin rán wọn pọ̀, 12½ ni yóò jáde gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹsẹ̀ máṣíìnì yín tẹ̀ sínú díẹ̀, tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínṣì lẹ ń rán. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ, ojú kò ní tètè rí i. Aṣọ méjì ló pàdé lójú ìránpọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ojú kọ̀ọ̀kan ti jẹ ìdámẹ́rin ínṣì lé ohun tó yẹ kó jẹ. Ojú ìránpọ̀ méjì ló wà láti etí kan dé èkejì. Ààbọ̀ ínṣì ti lọ. Búlọ́ọ̀kù yín di 12, tèmi jẹ́ 12½, ẹni tó gba méjèèjì fẹ́ rán wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Á fa tiyín, tiyín á hun. Á ká tèmi, tèmi á wú. Àrà tó bá ní igun mẹ́ta tàbí ìràwọ̀ nínú sì burú jùyẹn lọ, torí ẹnu ìràwọ̀ náà á bọ́ sínú ojú ìránpọ̀, á dà bí ẹni pé wọ́n gé e lórí.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ fi rúlà sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì yín, ì báà jẹ́ Butterfly tí ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ fi ọwọ́ yí àgbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí ìlà ìdámẹ́rin. Níbi tí etí rúlà bá dé, ẹ lẹ pílásítà mọ́ irin náà. Etí pílásítà yẹn ni aṣọ yóò máa fara ti bó bá ń lọ. Kí ẹ tó fọkàn tán an, ẹ gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó fẹ̀ ní ínṣì kan ààbọ̀, ẹ rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi téèpù wọn ti àárín. Tó bá jẹ́ ínṣì kan gẹ́lẹ́, ẹ ti délé. Tó bá kéré, ẹ sún pílásítà náà sí apá abẹ́rẹ́.

Áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e sókè. Ẹ má fà á lọ fà á bọ̀ lórí búlọ́ọ̀kù bí ẹni tó ń lọ ṣòkòtò, torí aṣọ tí a gé ní báyáàsì, ìyẹn láti igun dé igun, máa ń na. Ó ṣe é fi áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣe tí kò bá sí iná, kí ẹ sáà ti nu abẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Àwọn àpẹẹrẹ tí a fi ń gé aṣọ, páálí la fi ń ṣe wọ́n, páálí sì máa ń jẹ létí bí a bá ti lò ó pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí kálukú gé tirẹ̀ nílé. Kí ẹnì kan gé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú rúlà kan ṣoṣo. A ní ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, ìyá búlọ́ọ̀kù là ń pè é. Òun náà ló máa ń wọn gbogbo búlọ́ọ̀kù tó bá wọlé. Èyí tí kò bá pé, kì í gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i. Á dá a padà fún ẹni tó rán an ní kọ̀rọ̀. Mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a tú iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, ká tún un rán lẹ́yìn rẹ̀, ká wá dákẹ́. Ìwọ̀sí ni. Jẹ́ kó tún un ṣe fúnra rẹ̀.

A ní àwọn màmá tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọn kò lè mú ìdámẹ́rin. Ti àwọn yìí, a máa ń rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí búlọ́ọ̀kù wọn ká, bí ìgbáǹtí, ká wá gé gbogbo rẹ̀ sí 12½. Tí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta mẹ́rin bá ti ní etí bẹ́ẹ̀, a ó fi sí gbogbo ìyókù náà kó lè dọ́gba. Ó máa ń lẹ́wà. Àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ rò pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún ẹwà ni.

Lórí aṣọ, mi ò ní pẹ́. Òwú gidi nìkan: ànkárá, kàǹpálà, àdìrẹ, pópúlìn. Ẹ má mú léèsì wá, ẹ má mú aṣọ òkè wá, ẹ má mú gíní wá; wọ́n dára, ṣùgbọ́n ìnípọn wọn kò bá ti ànkárá mu. Ànkárá tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òwú. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ létí rẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó di eérú, á máa rùn bíi bébà tó ń jó. Èyí tó bá yọ́, tó dì bíi ilẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré, ọ̀rá ni. Ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ sì fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Ànkárá tuntun máa ń súnkì, àdìrẹ aláró sì máa ń da aró sínú omi. Ẹnì kan bi mí bóyá kí òun fi iyọ̀ sí i. Ẹ kàn máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi yóò fi mọ́. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ún wò, tó bá ṣì ń kun funfun náà, kò tíì tó. Tí ẹ kò bá ṣe é, búlọ́ọ̀kù yín kan ṣoṣo yóò ba iṣẹ́ èèyàn mọ́kànlá jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ kúílìtì náà.

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé ìwọ̀n yìí ti ṣe ohun ńlá láyé. Ní San Francisco, lọ́dún 1987, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cleve Jones àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kúílìtì kan ní ìrántí àwọn tí àrùn éèdì pa. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìdílé ń tijú, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti lè sin òkú wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kalẹ̀ nípa ìwọ̀n: abala aṣọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́fà, bí ìwọ̀n sàréè. Ohun yòówù tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ rán sórí rẹ̀. Àwọn èèyàn rán ṣòkòtò òkú wọn mọ́ ọn, wọ́n rán fọ́tò, wọ́n rán ìwé. Mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń so wọ́n pọ̀ di igun mẹ́rin tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n sì ń pe ìyẹn náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1987 kan náà, wọ́n tẹ́ abala 1,920 sílẹ̀ ní gbàgede ńlá Washington. Ó ti tó nǹkan bí 50,000 báyìí. Ẹni tó rán tirẹ̀ kò mọ ẹni tó rán èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èdè wọn lè má jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n mẹ́ta sí mẹ́fà ni, nítorí náà wọ́n wọ ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má wá lọ rò pé ìwọ̀n túmọ̀ sí pé kí gbogbo ọwọ́ jọra. Àwọn obìnrin kan wà ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, abúlé kan tí odò yí ká ní apá mẹ́ta. Àwọn baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú lóko òwú ibẹ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ́ Pettway, orúkọ ẹni tó ni àwọn baba wọn. Aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó ni wọ́n fi ń rán kúílìtì, ṣòkòtò jíìnsì tí orúnkún rẹ̀ ti ṣá, àpò oúnjẹ ẹran. Kálukú máa ń dá òkè kúílìtì tirẹ̀ rán nílé, bó bá ṣe wù ú, ìlà tó wọ́, àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò retí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá pé jọ láti gún un mọ́ ìpele yòókù. Lọ́dún 1966, ní àkókò tí wọ́n ń lé aláwọ̀ dúdú kúrò nílé àti níbi iṣẹ́ torí pé ó lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, àwọn obìnrin agbègbè yẹn dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, kí wọ́n lè máa rí owó nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wọn. Lọ́dún 2002, kúílìtì Gee's Bend wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Whitney ní New York; lọ́dún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán mẹ́wàá nínú wọn sórí sítáǹpù. Àwọn tó ń pe àgékù ní ìdọ̀tí, kí wọ́n gbọ́ ìyẹn. Àwọn àgékù tí a ń gbá jáde níwájú ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn o, tí òjò ń gbé lọ dí gọ́tà.

Nítorí náà, nínú ínṣì 12½ yẹn, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe. Ẹ má jọ ara yín. Etí nìkan ni kó dọ́gba.

Aṣọ tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ pa pọ̀ ṣe kì í ṣe nǹkan tí a kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó. Ẹ wo aṣọ egúngún ilé. Abala lórí abala ni, ìdílé á máa fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́ lọ́dọọdún, ẹlòmíràn á mú dàmáskì wá, ẹlòmíràn á mú àrán, etí rẹ̀ á ní igun mẹ́ta-mẹ́ta bí eyín ayùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ egúngún nítorí ẹ̀sìn wọn, n kò sì bá wọn jà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń sọ. Ní Àbómè, ní Dàhòmì àtijọ́, àwọn aránṣọ ààfin máa ń gé àwòrán kìnnìún àti ẹja, wọ́n á rán an lé orí aṣọ mìíràn láti fi sọ ìtàn àwọn ọba wọn. Àwọn onímọ̀ sì ti fi ọwọ́ wọn wé ti Harriet Powers.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí obìnrin yìí. Inú oko ẹrú ní Georgia ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1837. Ó rán kúílìtì kan tó ní abala 11, ìtàn inú Bíbélì ló wà níbẹ̀, Ádámù àti Éfà, Jékọ́bù àti àkàbà, tí ó gé láti ara aṣọ tó sì rán lé e. Ó gbé e lọ síbi ìpàtẹ òwú ní Athens, Georgia, lọ́dún 1886. Obìnrin funfun kan tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà fẹ́ rà á, ó kọ̀, kò tà á. Ìgbà tí ọwọ́ há a lẹ́yìn ọdún mélòó kan ló tó tà á, dọ́là márùn-ún péré. Ṣùgbọ́n kó tó fi sílẹ̀, ó jókòó, ó sọ ìtumọ̀ abala kọ̀ọ̀kan fún obìnrin náà, ìyẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ni kúílìtì náà wà lónìí. Torí pé a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ la fi mọ ohun tó ní lọ́kàn. Mélòó nínú iṣẹ́ àwọn ìyá wa la mọ ẹni tó ṣe é?

Nítorí èyí, òfin kejì tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí mú ni pé kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sẹ́yìn búlọ́ọ̀kù tó bá rán, pẹ̀lú bírò tí kì í ṣí, tàbí kó fi òwú kọ ọ́. Kí ó kọ ibi tí aṣọ náà ti wá bó bá mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1840 síwájú, wọ́n tilẹ̀ máa ń kọ orúkọ sí iwájú gan-an, láàárín búlọ́ọ̀kù, fún ẹni tó bá ń kó lọ sí ìlú òkèèrè: orúkọ gbogbo ọ̀rẹ́ tó fi sílẹ̀ wà lórí aṣọ tí yóò fi bora. A lè ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń ṣí kúrò ní Ìkòròdú.

Àǹfààní kíkọ ibi tí aṣọ ti wá, mo rí i lójú ara mi. A tẹ́ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lórí ẹní láti tò wọ́n. Obìnrin kan fọwọ́ kan igun mẹ́ta aláwọ̀ àlùkò kan tó ní abẹ̀bẹ̀ wínníwínní lára, ó ní, "Ta ló ni èyí? Aṣọ ẹbí ìsìnkú ìyá ọkọ mi ni." Ẹlòmíràn ní òun ni, oníbàárà òun ló gbé e wá, ó kù díẹ̀ lẹ́yìn tí òun gé búbà. Ẹ̀kẹta ní òun rán kaba méjì nínú aṣọ yẹn. Èèyàn mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí kí wọ́n tó wọ ẹgbẹ́, aṣọ kan náà ti gba ọwọ́ wọn kọjá ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Obìnrin tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án kò ní ẹyọ kan nínú aṣọ ọ̀hún mọ́, torí ó ti fi tirẹ̀ tọrẹ. Wọ́n fún un ní búlọ́ọ̀kù yẹn.

Àwọn nǹkan mìíràn tí ẹ lè jọ ṣe, mo kàn fẹ́ dárúkọ díẹ̀. Ẹ lè ṣe alákàágbá: ẹnì kan á rán àárín nìkan, á gbé e fún ẹnì kejì, ìyẹn á fi ìgbáǹtí kan yí i ká, á gbé e fún ẹ̀kẹta, títí yóò fi padà sọ́dọ̀ oní-nǹkan. Ẹni tí kò lè gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀, kó má wọ ìyẹn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, kó kọ̀wé mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí àwọ̀ kan bá wà tí kò fẹ́ rárá. Ẹ lè pààrọ̀ àgékù tí ẹ kò tíì rán, ínṣì márùn-ún sí márùn-ún, kí kálukú lè ní oríṣìíríṣìí. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń ju orúkọ sínú igbá, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde á kó gbogbo búlọ́ọ̀kù tí wọ́n mú wá lọ́jọ́ yẹn. Àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ wa ní ó jọ tẹ́tẹ́, a sì gbọ́ tiwọn: a sọ ọ́ di kíkàn-kíkàn, ó sì dára jù ú lọ, torí kò sí ẹni tí yóò máa rán fún ọdún méjì kí igbá má dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ ni ti àwọn ọmọ tuntun. Ẹ jọ rán kúílìtì kékeré fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tí ọwọ́ wọn kò tó nǹkan. Níbẹ̀, ẹ má ka iye tí kálukú mú wá. Ẹni tó mú kan wá, ẹ kí i. Ẹni tó mú mẹ́wàá wá, ẹ kí i. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ìyá ọmọ pé kó máa tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ọmọ máa ṣeré lórí rẹ̀ lójú òun ìyá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kò yẹ kí a fi aṣọ tó nípọn sùn tì í, ó lè bò ó nímú.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kù. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní lè parí, kó tètè wí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Aṣọ ọdún Iléyá àti ti Kérésì máa ń bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ ló ń pa ẹgbẹ́, tó gba aṣọ ẹlòmíràn sọ́wọ́, tí wọ́n ń pe fóònù rẹ̀ tí kò gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ máa jẹ́ olórí, ẹ máa fi oṣù méjì sílẹ̀ nínú ọdún láìsí pípín rárá, nígbà tí iṣẹ́ ọdún bá pọ̀.

Èyí tí a máa fi bẹ̀rẹ̀ ni alábala mẹ́sàn-án: márùn-ún ànkárá aláwọ̀ pupa tàbí aró, mẹ́rin funfun, 4½ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó jáde ní 12½. Kí kálukú rán méjìlá. Ẹ gba páálí yín lọ́wọ́ ìyá búlọ́ọ̀kù kí ẹ tó jáde. Ó ti kọ orúkọ yín sí i. Sátidé kejì nínú oṣù tó ń bọ̀ lọ́jọ́ gbígbà. Ẹni tí kò bá ní aṣọ funfun, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé, mo ní pópúlìn tó ṣẹ́kù láti ara yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, mo sì ti fọ̀ ọ́.